"Steel" inú The Twilight Zone (1963): báwo ni wọ́n ṣe ṣe ìpín tí èèyàn ti bá róbọ́ọ̀tì kan ẹ̀ṣẹ́?

Àkànní_Sinimá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Púpọ̀ nínú yín ló ti wo Real Steel, fíìmù ọdún 2011 tí Hugh Jackman ti ń gbé róbọ́ọ̀tì kiri láti ìlú dé ìlú. Orísun fíìmù yẹn ni mo gbé wá lónìí. Ìpín kan ni nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Twilight Zone, "Steel" lorúkọ rẹ̀. CBS gbé e sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1963. Dúdú-funfun ni, kò sì tó ìdajì wákàtí.

Ẹni tí kò bá tíì wò ó, bó ṣe lọ nìyí. Ọdún 1974 ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀, tó jẹ́ pé ọjọ́ iwájú ni lójú àwọn tó ṣe é. Òfin ti de kí èèyàn máa bá èèyàn kan ẹ̀ṣẹ́ láti 1968, róbọ́ọ̀tì nìkan ló ń jà. Kelly ti jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò nígbà kan, "Steel" ni wọ́n ń pè é torí kò sẹ́ni tó gbé e ṣánlẹ̀ rí. Òun àti mẹkáníìkì rẹ̀, Pole, wá gbé róbọ́ọ̀tì wọn tó ń jẹ́ Battling Maxo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kékeré kan ní Kansas, wọ́n fi aṣọ bò ó lórí bí ẹni gbé òkú. Maxo ti gbó. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì apá rẹ̀ já. Kò sówó lọ́wọ́ wọn, ohun tí wọ́n máa rí níbi ìjà yẹn ni wọ́n gbójú lé. Ni Kelly bá bọ́ṣọ, ó wọ ojú ìjà fúnra rẹ̀, ó ń ṣe bíi róbọ́ọ̀tì.

Ohun tí mo fẹ́ ká tú wò ni ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ta ló kọ ọ́, ta ló ṣe é, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà? Ẹ bá mi kó ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ wá.

Láyí_Peckham

Bọ̀dá Àkànní, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé èyí wá. Richard Matheson ló kọ ọ́. Ìtàn kúkúrú ni tẹ́lẹ̀, ìwé ìròyìn The Magazine of Fantasy and Science Fiction tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956. Òun fúnra rẹ̀ náà ló sọ ọ́ di ìwé eré fún tẹlifíṣọ̀n. Don Weis ló darí ìpín náà. Lee Marvin ni Kelly, Joe Mantell ni Pole, Tipp McClure ni Maxo. Chuck Hicks, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń bá àwọn òṣèré fò sílẹ̀ lórí ilé tàbí kí wọ́n gba ìlù nítorí wọn, ni róbọ́ọ̀tì kejì, Maynard Flash.

Ẹ wo ohun tó tún tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, iṣẹ́ Matheson ló tún jáde: "Nightmare at 20,000 Feet", èyí tí William Shatner ti rí abàmì kan lórí apá ọkọ̀ òfurufú. Ẹnì kan náà ló kọ méjèèjì, títí dòní wọn ò kúrò lẹ́nu aráyé.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo Marvin o. Ó ti jagun rí. Ọmọ ogun Marine ni, ìbọn bà á ní Saipan lọ́dún 1944. Tí ẹ bá rí i tó ń wọ́ ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nínú ìpín yìí, ẹ̀ ń wo ẹni tó mọ bí ara tó ti fọ́ ṣe ń rí.

Má_Tàn_Mí

Ẹ dákun, róbọ́ọ̀tì wo? Mo wo bí ìṣẹ́jú márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò pénpé ni mo rí, tó ranjú mọ́ ọ̀ọ́kán bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Kò síná lára rẹ̀, kò sí irin, kò sí wáyà. Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ wọn ni?

Ìyá_Àtíkè

@Má_Tàn_Mí, àbúrò, rọra. Ibi tó o ti ń bú u yẹn gan-an niṣẹ́ wà.

Iṣẹ́ àtíkè àti ìpara lójú fíìmù ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ojú tí mo fi wo ìpín yìí yàtọ̀. Ọgbà ilé iṣẹ́ fíìmù MGM ní Culver City ni wọ́n ti ń ya The Twilight Zone. William Tuttle ni ọ̀gá ẹ̀ka àtíkè níbẹ̀, òun ló ṣe àwọn ojú ẹlẹ́dẹ̀ inú "Eye of the Beholder", ìpín mìíràn nínú eré yìí, tí ẹnikẹ́ni tó bá rí i kì í gbàgbé. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá fẹ́ lẹ irin mọ́ Maxo lójú, ṣé ó máa ṣòro fún un ni?

Ìtàn ni ò gbà á. Tí róbọ́ọ̀tì bá jọ garawa, Kelly ò lè dọ́gbọ́n wọlé láti ṣe bíi tiẹ̀, òǹwòran tó wà lẹ́yìn pátápátá á ti mọ̀. Àfi kí róbọ́ọ̀tì jọ èèyàn débi pé èèyàn lè rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tó kù tí wọ́n lè fi hàn kéré gan-an: ojú tí kì í ṣẹ́, ọrùn tó le, awọ ojú tí kò sún kì.

Ẹ wá wo òṣèré tó ń ṣe é. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ tán, àyà rẹ̀ fẹ́ máa gbé sókè sódò, kò gbọ́dọ̀ gbé e. Iná tí wọ́n fi ń ya fíìmù nígbà yẹn gbóná bí ààrò, òógùn ń wá, róbọ́ọ̀tì ò sì gbọdọ̀ làágùn. Lójú fíìmù tèmi, tí wọ́n bá ní kí òkú sùn sílẹ̀ kó má mí, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló máa ń lò kí ikùn rẹ̀ tó tú u fó. Ẹni tó ń ṣe Flash ń jà ní tiẹ̀, ìyẹn sì le ju òkú sísùn lọ.

Kelly wá burú jù. Marvin jẹ́ èèyàn tó ń ṣe èèyàn tó ń ṣe róbọ́ọ̀tì. Tí wọ́n bá lù ú, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwa tó ń wò ó mọ̀ pé ó dùn ún, kó sì fi í pa mọ́ fún àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn. Ẹ tún padà wo ojú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má wo ẹ̀ṣẹ́.

Mẹkáníìkì_Mushin

Ìyá wa, ẹ wí ire. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa àtíkè, Pole ni mo mọ̀. Èmi ni Pole.

Oríṣi B2 ni Maxo, oríṣi B7 tó jẹ́ tuntun jù ú lọ ni Flash. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tún mọ́tò ṣe mọ ohun tí lẹ́tà àti nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí fún òun. Maxo dà bí tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti dẹ́kun àtiṣe ẹ̀yà rẹ̀: o ò rí tuntun rà, èyí tó o bá yọ lára òkú mọ́tò náà ti jẹ, oníbàárà sì dúró tì ọ́ lọ́rùn pé òun fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin lọ́la. Pole ń sọ fún Kelly pé ó yẹ kí wọ́n tún nǹkan yìí ṣe kó tó di pé wọ́n gbé e jà, Kelly ń dáhùn pé kò sí nǹkan tó máa ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀.

Joe Mantell ṣe é dáadáa. Kò pariwo. Mẹkáníìkì tó bá ti mọ̀ pé iṣẹ́ máa bà jẹ́ kì í pariwo, ó kàn máa ń tún nǹkan kan náà sọ ní ohùn jẹ́ẹ́.

Láyí_Peckham

Bọ̀dá Mẹkáníìkì, Mantell kì í ṣẹni tí wọ́n kàn mú láàárín ìgboro. Wọ́n ti dárúkọ rẹ̀ fún àmì ẹ̀yẹ Oscar nítorí ipa tó kó nínú Marty lọ́dún 1955. Ó ti ṣe The Twilight Zone ṣáájú "Steel" pàápàá, lọ́dún 1960, níbi tó ti dá bá ara rẹ̀ jà nínú dígí nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú.

Bàbá_Òkè_Àdó

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ọmọ mi ló fi ọ̀rọ̀ yín hàn mí. Mo rí i pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ 1963, kò sì sẹ́ni tó tíì dárúkọ Ìbàdàn.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, kò pé oṣù méjì ṣáájú ìgbà tí wọ́n gbé eré yín yìí jáde, Dick Tiger àti Gene Fullmer pàdé ní Liberty Stadium níbí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ja ìjà fún bẹ́líìtì àgbáyé nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo wà ní Òkè Àdó, mo gbọ́ ariwo. Nígbà tí ráúndì keje parí, Fullmer kò dìde lórí àga rẹ̀ mọ́. Ọmọ Íbò ni Tiger, gbogbo Ìbàdàn ló jó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé lọ́dún tí àwa ń jó yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ ti di ẹkún ní Amẹ́ríkà. Lóṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, Davey Moore tó ní bẹ́líìtì fẹ́dáwéètì, ọ̀kan nínú ìwọ̀n àwọn tó fúyẹ́, bá Sugar Ramos, ọmọ Kúbà, jà ní Dodger Stadium ní Los Angeles. Wọ́n lù ú, ó ṣubú, orí rẹ̀ gbá okùn. Ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ tán lẹ́yìn ìjà, ó dákú, kò jí mọ́. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Gómìnà California, Pat Brown, sọ ní gbangba pé kí wọ́n fòfin de ẹ̀ṣẹ́ kíkàn pátápátá.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀: ẹni tó kọ́kọ́ bá Ramos du bẹ́líìtì yẹn lẹ́yìn ikú Moore, ọmọ Èkó ni. Rafiu King. Mexico City ni wọ́n ti jà, oṣù Keje ọdún 1963. Ráúndì 15 ni Rafiu dúró pé, àwọn adájọ́ ló fi àmì gbé e fún Ramos.

Àkànní_Sinimá

Bàbá, ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ ò rí nǹkan! Ìdí tí wọ́n fi ṣe ìpín yìí nìyẹn. Wọ́n rí ikú Moore, ni wọ́n bá ní ẹ jẹ́ ká ro ayé kan tí wọ́n ti fòfin dè é.

Láyí_Peckham

Rárá o, Bọ̀dá Àkànní. 1956 ni Matheson ti kọ ìtàn náà, òfin tó de ẹ̀ṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀ látìgbà náà. Moore ṣì wà láyé, ara rẹ̀ le.

Ṣùgbọ́n ojú tí òǹwòran fi wò ó ní 1963 ò lè jẹ́ ojú 1956. Ṣáájú Moore, Benny Paret ti kú. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1962, ní Madison Square Garden ní New York, Emile Griffith há a mọ́ igun, ó ń lù ú, rẹfirí kò tètè dá sí i. ABC ló ń gbé ìjà náà jáde lójú ẹsẹ̀, àwọn èèyàn jókòó sínú pálọ̀ wọn, wọ́n ń wò ó. Paret kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Nítorí náà nígbà tí ohùn tó ṣáájú "Steel" sọ fún wọn pé wọ́n ti fòfin de ẹ̀ṣẹ́ kíkàn láti 1968, ọdún márùn-ún péré ni 1968 sí wọn. Kò jọ àlá. Ó jọ ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ìròyìn láàárọ̀.

Àkànní_Sinimá

Ó dáa. Kò fa ìtàn náà, ó fún un lẹ́rù. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi tèmi kún un. Rod Serling, ẹni tó dá The Twilight Zone sílẹ̀, tó máa ń jáde sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, mọ adùn ẹ̀ṣẹ́, ó mọ ìkorò rẹ̀. Ọmọ Binghamton ní New York ni. Nígbà tó wọṣẹ́ ológun tí ń fi parakúùtù bọ́ látojú ọ̀run nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń kan ẹ̀ṣẹ́ níbùdó wọn. Kò ga, kò tóbi, fáláíwéètì ni. Ìjà 17 ni wọ́n kà fún un, wọ́n ní tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í wẹ̀yìn. Imú rẹ̀ ṣẹ́ nínú ìjà àkọ́kọ́, ó tún ṣẹ́ nínú èyí tó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ogun, eré kan tó kọ lórí abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí agbára rẹ̀ ti tán ló gbé orúkọ rẹ̀ ga jù: Requiem for a Heavyweight, 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1956. Tààrà ni wọ́n ṣe é lórí CBS, kò sí pé a ṣì í ká tún un yà. Jack Palance ló ṣe olórí eré, òun náà ti fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun rí. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1962, Anthony Quinn ló bọ́ sípò Palance. Ta ló sì lù ú bolẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà? Cassius Clay, ọmọ ogún ọdún, kó tó di Muhammad Ali.

Bàbá_Òkè_Àdó

Fáláíwéètì! Ìyẹn ni wọ́n fúyẹ́ jù nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ló máa ń bú ẹni tó ga jù nínú ọjà.

Má_Tàn_Mí

Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ fẹ́ fipá mú mi fẹ́ràn nǹkan yìí. Mo wo gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná. Mo gbà fún Ìyá_Àtíkè lórí ojú Marvin. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ méjì.

Ìkíní: ohùn Serling níparí. Ó ní ẹ rí i báyìí pé èèyàn ò lè fi ẹ̀ṣẹ́ borí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n akínkanjú ọmọ èèyàn ò ní yí padà láyé. Ta ló bi í? Mo ti rí Kelly nílẹ̀, mo ti mọ ohun tó ṣe. Kí ló dé tí wọ́n tún ń sọ ọ́ sí mi létí bíi tíṣà?

Ìkejì: Kelly rí ààyè, ó yí sẹ́yìn Flash, ó gbá a ní ìpàkọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Flash ò mọ̀ pé wọ́n gbá òun. Ìgbà yẹn ló yẹ kó sá. Kò sá. Ọlọgbọ́n kọ́ nìyẹn.

Mẹkáníìkì_Mushin

Sá lọ síbo? Ìlú wo? Owó wà nílẹ̀ tó fẹ́ gbà, ó sì mọ̀ pé tó bá sá wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, wọn ò ní san kọ́bọ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín wọn ò san án pé náà ṣáà, ìdajì ni wọ́n fún wọn, wọ́n ní róbọ́ọ̀tì wọn ò jà dé òpin ráúndì kìíní. Kelly ò sì lè lọ bá wọn jà sí i, torí tí wọ́n bá rí i ní tòsí wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, kò lè fẹnu sọ ọ́.

Ìyá_Àtíkè

Lórí ẹjọ́ kìíní mo wà lẹ́yìn Má_Tàn_Mí. Serling fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ nígbà tí àwòrán ti sọ ọ́ tán. Ìṣẹ́jú kan tó gbẹ̀yìn yẹn, tó bá jẹ́ èmi ni mo ń gé fíìmù náà, màá fi Pole àti Kelly sílẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, màá pa iná.

Lórí ìkejì, ẹ wo ẹ̀ṣẹ́ ìpàkọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó jẹ́ ibi tí ìpín náà dúró lé. Títí dé ibẹ̀ ó ṣeé ṣe ká máa rò pé Kelly lè rí ọ̀nà. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò gidi ni, ó mọṣẹ́, kò sẹ́ni tó gbé e ṣánlẹ̀ rí. Wọ́n wá fún un ní ohun tí gbogbo ajẹ̀ṣẹ́ ń gbàdúrà fún: ẹ̀yìn orí alátakò rẹ̀ ní gbangba, kò sí ohun tó dí i. Ó gbá a. Hicks ò ṣẹ́jú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí òṣèré náà ṣe níbẹ̀ ni kó má ṣe nǹkan kan, ìyẹn ló sì pa ìrètí wa. Ó le kéèyàn fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ọ ní ìpàkọ́, ká tiẹ̀ ní wọ́n rọra gbá ọ ni, kí ọrùn rẹ má mì.

Láyí_Peckham

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó bá fẹ́ rí bí Serling fúnra rẹ̀ ṣe kọ ẹ̀ṣẹ́ sínú The Twilight Zone, kó wá "The Big Tall Wish". Ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1960. Kò sí róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, ìyanu ló wà níbẹ̀. Bolie Jackson, ajẹ̀ṣẹ́ tó ti ń dàgbà, bínú kan ògiri kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, egungun ọwọ́ rẹ̀ fọ́. Wọ́n lù ú bolẹ̀. Ọmọdékùnrin kan nílé tó ń gbé, Henry, ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi gbogbo ọkàn tọrọ pé kí nǹkan yí padà. Ó sì yí padà: Bolie ló dúró, ẹnìkejì ló wà nílẹ̀. Àmọ́ Bolie ò gbà gbọ́ pé ìyanu wà, bó ṣe padà sílẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà ni pé aláwọ̀ dúdú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo ìpín náà, wọn kò sì kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, ilé, ìjà, ó tán. Ní 1960 ní Amẹ́ríkà, kò wọ́pọ̀ rárá. Serling sọ ọ́ nígbà náà pé tẹlifíṣọ̀n ń wá ojú tuntun kiri, ó sì ń fo àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú tó wà nítòsí rẹ̀ dá. Jerry Goldsmith ló ṣe orin rẹ̀.

Bàbá_Òkè_Àdó

Ta ló ṣe Bolie yẹn?

Láyí_Peckham

Ivan Dixon ni, Bàbá. Inú yín á dùn sí èyí: òun ló ṣe Asagai, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tó wá láti Nàìjíríà, nínú eré orí ìtàgé Lorraine Hansberry, A Raisin in the Sun, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Broadway ní 1959. Òun náà ló tún ṣe é nínú fíìmù ọdún 1961. Tó túmọ̀ sí pé láàárín Asagai kan àti Asagai kejì ló lọ wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ fún Serling.

Bàbá_Òkè_Àdó

Háà! Asagai kì í ṣe orúkọ wa o, ṣùgbọ́n a gbà á lọ́mọ.

Àjọkẹ́_Houston

Ẹ jẹ́ kí n ya bàrà díẹ̀. Gbogbo yín wà ní dúdú-funfun, ẹ ò dárúkọ eré tẹlifíṣọ̀n Battlestar Galactica. Ìpín tó ń jẹ́ "Unfinished Business" ni mò ń sọ, ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2006. Inú ọkọ̀ ojú ọ̀run ni, àwọn ológun gbé ojú ìjà kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bínú sí ẹnìkan, kó ju àmì orúkọ ọrùn rẹ̀ sínú àpótí, kó pe ẹni tó bí i nínú jáde. Níbẹ̀, ọ̀gá kì í ṣe ọ̀gá. Ọ̀gágun Adama fúnra rẹ̀ bọ́ sójú ìjà, ó pe Tyrol tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Lee, ọmọ Adama, àti Starbuck, obìnrin tó ń wa ọkọ̀ ogun bíi tiẹ̀, ló wá parí rẹ̀, wọ́n lu ara wọn títí wọ́n fi dì mọ́ra.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí ni olùdarí rẹ̀, Robert M. Young. Òun ló darí Triumph of the Spirit lọ́dún 1989, lórí Salamo Arouch, Júù ará Gíríìsì tí àwọn Násì fipá mú kan ẹ̀ṣẹ́ ní ọgbà ìfìyàjẹni Auschwitz kó tó lè wà láàyè. Edward James Olmos tó ń ṣe Adama wà nínú fíìmù yẹn pẹ̀lú, àwọn méjèèjì sì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tipẹ́ ṣáájú. Nítorí náà nígbà tí ẹ bá rí i pé kámẹ́rà kì í sá fún ẹ̀jẹ̀ ẹnu nínú ìpín yẹn, kò ṣèèṣì.

Ìwọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n gbà ò tó wọn. Wọ́n tún gé èyí tó gùn jù sórí DVD, tó kún fún ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn náà ṣáájú ìjà. Èyí tó gùn ni kí ẹ wò. Nínú èyí tó kúrú, ẹ ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń lu ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Má_Tàn_Mí

Èyí dùn mọ́ mi ju ti Kelly lọ. Ó kéré tán wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ọ̀rọ̀.

Àkànní_Sinimá

Àǹtí Àjọkẹ́, ẹ ṣé. Èmi fẹ́ ká fi "Steel" wé ọmọ rẹ̀, Real Steel, ká tó yà sí ọkọ̀ ojú ọ̀run. Shawn Levy ló darí rẹ̀, owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná lé e. Wọ́n mú Sugar Ray Leonard wá kó kọ́ wọn bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń rìn. Ilé iṣẹ́ Legacy Effects kan róbọ́ọ̀tì gidi tó ga ju èèyàn lọ, kí òṣèré lè fọwọ́ kàn án. Fún ìjà wọ́n ní kí àwọn èèyàn kan ẹ̀ṣẹ́, kọ̀ǹpútà wá wọ irin sí wọn lára.

Ẹ ò rí i pé èèyàn náà ṣì ni? Ní 1963, èèyàn ń ṣe róbọ́ọ̀tì níwájú kámẹ́rà. Ní 2011, èèyàn ń ṣe róbọ́ọ̀tì, wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun kan kúrò tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n: ẹni tí Jackman ń ṣe ò wọ ojú ìjà bá róbọ́ọ̀tì jà. Ó dúró sẹ́yìn okùn, ó ń ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, róbọ́ọ̀tì ń gba ìlù fún un. Fíìmù náà dùn, àwọn ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n wò ó títí wọ́n fi mọ ọ́ sórí. Kì í kàn ṣe ìtàn Matheson mọ́.

Mẹkáníìkì_Mushin

Nínú Real Steel wọ́n rí róbọ́ọ̀tì lórí ààtàn, wọ́n tún un ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bẹ́líìtì. Kò sí bẹ́ẹ̀ láyé. Nínú "Steel", Kelly fi egungun rẹ̀ gba ìdajì owó, ó ní àwọn máa fi ra ẹ̀yà tuntun fún Maxo, Pole ń wò ó láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo mọ̀. Oníbàárà mi kan wà báyìí tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi ní gbogbo òpin oṣù.

Ìyá_Àtíkè

Ọ̀gá Mushin, ó ti tó! Ẹ jẹ́ kó sanwó díẹ̀díẹ̀.

Bàbá_Òkè_Àdó

Ẹ bá mi wá èyí tí Asagai ti ń jà. Kí Láyí fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí ọmọ mi, kó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, ojú mi ò ríran lórí fóònù mọ́.

Láyí_Peckham

Mo ti ń fi í ránṣẹ́, Bàbá. Ìṣẹ́jú 25 ni, kò ní pẹ́.